Ìlà Báírò Lára Ìgò Wisikí

Tiwalọlá tá a jọ ń gbé ilé kan náà ní Èbúté Mẹ́ta, bó bá ti pinnu nǹkan, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn. Ọtí òyìnbó ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Yaba. Tó bá ti gbóòórùn ọtí lẹ́ẹ̀kan, á sọ fún yín bóyá ayédèrú ni.

Ọdún tí wọ́n bí i ni òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá bàbá rẹ̀, Bàbá Julius, ní rélùwéè fún bàbá náà ní ìgò wisikí kan. Ọkà bálì nìkan ni wọ́n fi pọn ọ́n, ó sì ti lo ogún ọdún nínú àgbá igi kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò. Ilé iṣẹ́ tó pọn ọ́n ní Sikọ́tílándì ti kógbá sílé. Irú ẹ̀ ò sí mọ́. Bàbá ní ọjọ́ ìdána ọmọ òun lòun máa ṣí i. Ọmọ ti pé ogójì ọdún, ọkọ ò tíì yọjú, ìgò ṣì wà níbẹ̀.

Àmọ́ ọtí inú rẹ̀ ń dín kù. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, Bàbá rí i pé ó ti wálẹ̀ ní ìka méjì. Débọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń sùn ní pálọ̀ nígbà náà. Bàbá pè é lólè lójú gbogbo ayálégbé, ló bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Mushin, kò sì padà wá mọ́. Èmi náà gbà nígbà yẹn pé ó jalè. Ojú ń tì mí báyìí.

Tiwalọlá ò gbà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ní ìdérí kọ́ọ̀kì tó ti gbó máa ń jẹ́ kí ọtí gbẹ, pàápàá nínú ooru Èkó. Bàbá ní kó lọ sinmi. Lọ́mọ bá fi báírò fa ìlà síbi tí ọtí dé lára ìgò, ó tì í mọ́ inú àpótí irin, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rìndínlógún, ó lọ mú Débọ̀ wá láti Mushin. Bó ṣe rọ̀ ọ́ tó fi tẹ̀ lé e, mi ò mọ̀. Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àpótí. Ọtí ti wálẹ̀ lábẹ́ ìlà, ó tó ìdajì èékánná.

Bàbá ò dúró de ọjọ́ ìdána mọ́, ó ní kí ọmọ rẹ̀ ṣí ìgò náà. Ìdérí rún mọ́ Tiwalọlá lọ́wọ́, ó sì fi aṣọ funfun sẹ́ ọtí náà. Ẹni tó bá gbé ọtí kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀, nítorí náà Bàbá ló kọ́kọ́ mu. Tiwalọlá tọ́ ọ wò tẹ̀ lé e. Ó ní òun gbóòórùn oyin àti èéfín; agbára rẹ̀ ti dín kù, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ò lọ.

Bàbá ṣí fìlà lórí.

"Débọ̀, mo parọ́ mọ́ ọ."

Débọ̀ wo orí pípá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dé fìlà yín," ó wí. "Ẹ bu tèmi wá."

Wọn ò mu ún tán. Ìyókù ti padà sínú àpótí, ó di ọjọ́ ìdána. Ọrùn Débọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà báyìí.