Fíríìjì Tí Mo Pè Ní Ọrẹ Ìjọ

Lọ́dún tí òfin owó orí tuntun gba ìgboro kan, kò sí ibi tí èèyàn yà sí ní Ore tí wọn ò ti ń sọ ọ́. Ní gáréèjì, nídìí ẹ̀wà àti búrẹ́dì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì, ọ̀rọ̀ kan náà ni: gbogbo owó tó bá ti wọ báńkì, ìjọba á gé nínú ẹ̀. Ẹnì kan ní ìdajì ni. Ẹlòmíì ní bí wọn ò bá mọ ibi tí owó ti ń wọlé fún ọ, wọ́n á ti àkáǹtì ọ̀hún pa. Kò sí ẹni tó ka òfin náà nínú wa. Èmi gan-an, ìwé kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti dúró. Mo lè ka lẹ́tà, mo lè kọ èyí tí mò ń kọ yìí, àmọ́ ìwé òfin kì í ṣe ohun tí mo lè jókòó tì.

Àsìkò yẹn gan-an ni mo ń ta ẹrù mi. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹ irun fún àwọn awakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ ti kógbá wọlé, mi ò rí owó yàrá san mọ́, mo wá padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Odigbo. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ìyá mi ní. Fíríìjì mi, tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀dì, fáànù, àwọn bàtà tí mo rà nígbà tí nǹkan ṣì dáa, kò sí ibi tí mo fẹ́ kó wọn sí. Mo ya fọ́tò wọn, mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lójú ìpàtẹ tí àwọn ará agbègbè wa ti ń ta ẹrù àlòkù. Mo fẹ́ fi owó wọn ra ọ̀kadà, kí n máa gbé èrò láti Odigbo lọ sí Ore.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ń gun ọ̀kadà ló kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe. Mo sọ fún un pé ọkùnrin kan láti Okitipupa fẹ́ ra fíríìjì, ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi, ẹ̀rù owó orí sì ń bà mí. Mo ní bóyá kí n ní kó kọ ọ́ sídìí owó náà pé ẹ̀bùn ni.

“Ẹ̀bùn kẹ̀? Gbogbo Ore ló ń kọ ẹ̀bùn báyìí. Ta ló fẹ́ràn ìwọ tó bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí ẹnì kan ò ra mínírà fún rí?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

“Ìwọ ọmọ Aládùúrà, ohun tó wà nílé yín lo tún ń wá kiri. Ní kó kọ ‘ọrẹ ìjọ’. Ìjọba wo ló máa na ọwọ́ sí owó Ọlọ́run? Kó sì jẹ́ àkáǹtì màmá ẹ ló máa wọ̀. Ta ló fẹ́ máa yẹ àkáǹtì ìyá àgbà wò?”

Ó jọ ọgbọ́n lójú mi. Mo sọ fún ìyá mi pé owó ẹrù mi á gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé, ó ní kò burú. Ohun tí mo ní kí àwọn tó ń rà á máa kọ sí i ni mi ò sọ fún un. Bí owó bá ti wọlé, màá mú káàdì rẹ̀, màá lọ gbà á lọ́dọ̀ àwọn oní-píọ́ọ̀sì. Bí fíríìjì ṣe lọ nìyẹn, bí tẹlifíṣọ̀n náà ṣe lọ nìyẹn, títí mo fi ra ọ̀kadà tòkunbọ̀ kan.

Ó yẹ kí n ti rántí iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe nílé àdúrà. Òun ni akápò ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Àwọn ọmọ ìjọ tó ti kó lọ sí Èkó àti Benin, àkáǹtì rẹ̀ ni wọ́n ń fi ọrẹ wọn ránṣẹ́ sí. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣí òmíràn, nítorí pé ìyá mi kò fi sísì ìjọ ra iyọ̀ rí. Kò mọ̀wé ṣá. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, bí ìsìn bá ti parí, á na fóònù rẹ̀ sí akọ̀wé ìjọ. Akọ̀wé á dúró níwájú, á máa ka àlátì kọ̀ọ̀kan sókè, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ohun tó kọ sí i, àwọn ìyá á sì máa dáhùn pé, “Olúwa á gbà á.” Mo ti ń gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́ débi pé n kì í fetí sí i mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó lẹ́yìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú aṣọ funfun mi, tí akọ̀wé ń kà lọ, tó fi kan orúkọ tí kò mọ̀. Ó kà á: “Ọrẹ ìjọ.” Ó kan òmíràn tí kò mọ̀. “Ọrẹ ìjọ.” Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Ẹ̀yin ìyá, Ọlọ́run ti rán àjèjì sí wa o!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá kan níwájú mi dìde, ó ń jó. Òmíràn kígbe pé, “Páànù òrùlé ilé àdúrà wa ti dé! Òjò tó ń bọ̀ yìí ò ní í pa wá mọ́!”

Ìyá mi ò jó. Ó yíjú padà, ó ń wá mi láàárín èrò. Mo wo ilẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju pé kí n dìde, kí n sọ pé owó fíríìjì mi ni. Ẹnu mi ò gbé e. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀ pé mò ń fi owó pa mọ́ fún ìjọba, ọ̀rọ̀ náà á ti dé Ore kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjọba ni mo bẹ̀rù. Mi ò bẹ̀rù àwọn ìyá tó ń jó.

A délé, ìyá mi ò bọ́ aṣọ ìsìn rẹ̀ kó tó bi mí.

“Owó ta lo ń fi káàdì mi gbà?”

“Owó fíríìjì ni, Màmá.”

“Fíríìjì ló wá ń jẹ́ ọrẹ ìjọ?”

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Bí inú bá bí ìyá mi, èdè Ìkálẹ̀ wa ló fi ń bú mi, ó sì máa ń tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá tí wọ́n fi ń ka Bíbélì ló fi bá mi sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

“Lọ sọ fún wọn.”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn agbowó orí. Bí mo bá gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba pé ẹrù mi ni mo tà, ta ló tún máa jiyàn?”

“Ìjọba ló máa wá jẹ́rìí mi nílé Ọlọ́run?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo rò pé wọ́n á tì mí mọ́lé ní ọ́fíìsì owó orí. Obìnrin kan ni mo bá níbẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà.

“Ẹrù ta lo tà?”

“Tèmi ni, mà. Èyí tí mò ń lò nílé.”

“O rà á kí o lè tà á ni?”

“Rárá o, mà. Mo rà á kí n lè máa mu omi tútù.”

Ẹ̀rín pa á. “Ṣé o jèrè lórí ẹ̀?”

“Ìdajì iye tí mo rà á ò pé, mà.”

“Kí la wá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ? Owó iṣẹ́ àti èrè là ń gba owó orí lé. Èyí tí o bá rí lórí ọ̀kadà ẹ ni kí o máa wá sọ fún wa lọ́dọọdún.”

“Gbogbo ayé ló ń sọ pé ẹ máa gé e, mà.”

“Gbogbo ayé ò wá bi mí.”

Ó ràn mí lọ́wọ́, a kọ àwọn ẹrù náà sílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀. Ìgbà náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ ọrẹ ìjọ fún un. Ó gbé gúgúrú sílẹ̀.

“Ìyẹn, mi ò lè bá ọ tún un ṣe o. Ohun tí o fẹnu ara ẹ sọ ni mo lu òǹtẹ̀ lé. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí o tà á.”

Mi ò ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn sí. Mo gun ọ̀kadà mi, inú mi ń dùn títí mo fi wọ Odigbo.

Àṣé àwọn àgbà ìjọ ti béèrè owó ọrẹ tí wọ́n fẹ́ fi ra páànù lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ti ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró dè mí. Mo bá àwọn àgbà ìjọ lórí bẹ́ǹṣì nínú ilé àdúrà, ìyá mi dá jókòó lápá kan. Wòlíì gba ìwé náà, ó kà á dáadáa.

“Ìwé yìí ní o ta fíríìjì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ọrẹ wa ńkọ́?”

“Bàbá, kò sí ọrẹ. Owó fíríìjì yẹn náà ni.”

Akọ̀wé dá sí i. “Èmi ni mo kà á. O jókòó lẹ́yìn, ò ń gbọ́ mi. Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

Mo wá ní kí wọ́n jẹ́ kí n pe ọkùnrin Okitipupa. Mo tẹ fóònù síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Èmi ni mo ta fíríìjì fún yín. Mo wà níwájú àwọn àgbà ìjọ wa. Ọ̀rọ̀ owó orí ọjọ́sí ló dá wàhálà sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé owó fíríìjì ni.”

“Owó kí?”

“Owó orí, ẹ̀gbọ́n.”

A gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti le, bíi ti ẹni tó dúró níwájú ọlọ́pàá.

“Ẹ má yọ mí lẹ́nu. Mi ò ra fíríìjì lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ọrẹ ni mo fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ lọ wò ó, ọrẹ ni mo kọ.”

Ó pa á. Mo pè é padà, kò lọ mọ́. Mi ò lè bínú sí i. Bí mo ṣe kọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́.

Wòlíì mí kanlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní màá máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó ọ̀kadà.

“Má san án,” ni ìyá mi wí. “Bí o bá san án, á jẹ́ pé èmi ni mo jí i.”

Wọn ò bú u, wọn ò bu owó ìtanràn lé e. Wòlíì kàn ní, “Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ lọ sinmi.” Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún àwọn ará Èkó ní nọ́ńbà àkáǹtì ìyá mìíràn. Wọ́n ṣì ń kí ìyá mi. Àmọ́ bó bá ti dé ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò.

Nígbà tó ṣe, ó ní kí n gbé òun lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Agbabu. Ilé àdúrà kékeré kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ máa lọ. Mo ní kó gba ìwé lọ́wọ́ Wòlíì, kí wọ́n lè mọ ipò tó wà, kí wọ́n má fi í sáàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní òun ò fẹ́ ìwé.

Mo dúró níta ilé àdúrà náà. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà á ní àlejò.

“Ẹ káàbọ̀ o, Màmá. Níbo lẹ ti ń sìn tẹ́lẹ̀?”

“Odigbo.”

“Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?”

“Mi ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀,” ni ìyá mi wí. “Mo kàn máa ń wá ni.”