Koríko Orí Sàréè Màmá Mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ síbi sàréè màmá mi láti ṣàdúà ni nígbà tí imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo sín, mo tún sín. Kò pẹ́ tí omi fi ń dà lójú àti nímú mi, imú dí pa, ọ̀fun ń yún mi débi pé mi ò lè parí Fátíhà. Ràfíátù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló fà mí dìde.

Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Sẹ̀kínátù, kí lo ṣe fún Màmá?"

Mo fi etí gèlè mi nu ojú. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Màmá kú nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pè mí lórí fóònù. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté Kìríkìrì, mò ń kọ orúkọ ẹrù tó ń bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Mo rí ìpè náà. Mo ní màá pè é padà tí ẹrù bá tán.

Mi ò lọ síbi sàréè mọ́. Síbẹ̀, sísín náà tún ń bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè ní Ìjọra, ó ń bá mi lẹ́bàá ògiri èbúté. Ojú mi wú. Mi ò gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́. Ẹnu ni mo fi ń mí tí mo bá sùn, orí mi sì máa ń wúwo tí ilẹ̀ bá mọ́. Mo gbà pé Màmá ló ń tẹ̀ lé mi kiri.

Ràfíátù ló mú mi lọ sí ọsibítù. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, ó gbé báàgì mi lé itan. Dókítà náà, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ò ròkè, bi mí pé, "Gbogbo ibi tó ti ń ṣe yín yìí, ṣé koríko wà níbẹ̀?"

Mo ronú. "Ó wà níbẹ̀, Dókítà. Ó ti yọ òdòdó."

Wọ́n ní kí n má lo oògùn ara yíyún kankan fún ọjọ́ mélòó kan, kí n wá ṣe tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n kán omi oríṣiríṣi, tí wọ́n fi koríko àti àwọn nǹkan mìíràn ṣe, sí apá mi, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ojú ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tí wọ́n kán ti koríko sí wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Dókítà ṣàlàyé pé tí koríko bá yọ òdòdó, eruku tín-ín-tín kan máa ń fò lára rẹ̀, èyí tí ojú lásán kì í rí. Ara ẹlòmíì kì í kà á sí. Tèmi kà á sí ọ̀tá, ó ń bá a jà nínú imú. Ohun tí wọ́n ń pè ní àlẹ́jì nìyẹn. Ó ní ó lè má lọ pátápátá, àmọ́ oògùn á jẹ́ kí n máa mí dáadáa.

Mo ń fín oògùn náà sí imú láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tó yá, mò ń ká aṣọ lọ́jọ́ kan, mo gbóòórùn ọṣẹ lára rẹ̀. Mo jókòó, mo sunkún.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ ìpè fóònù náà fún Ràfíátù. Ó gba aṣọ tí mò ń ká lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Èmi wà nílé lọ́jọ́ tí Màmá kú. Mo wà ní yàrá kejì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Àwa méjèèjì jọ padà síbi sàréè, mo fi ìbòmú bo imú. Mo ka Fátíhà parí. Mi ò sín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá, mo dúró kí n gbọ́ nǹkan. Kò sí nǹkan kan.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun fún ara yìí, tó ń sọ tinú rẹ̀ látọjọ́ yìí, tí mo sì ń pè é ní ohùn òkú. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí mo bá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí oògùn rẹ̀.