Orúkọ Tí A Kò Kà ní Ìlọrà

Tíṣà tó kọ́ mi ní á-bí-dí nílé-ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlọrà ló ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn òkú ìjọ. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìsìn ìrántí, wọn a máa ka orúkọ àwọn tó ti sùn nínú Olúwa bí ikú wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Bí wọ́n bá dé orí òkú yín, ẹ ó dìde dúró.

Nígbà tí bàbá mi kú, tíṣà yìí ló bẹ ìjọ kí wọ́n má lé mi kúrò nílé-ìwé nítorí owó. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣe ní Fìdítì lónìí, òun ni Ọlọ́run lò fún un. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa to orúkọ wọ̀nyẹn fún wọn. Ṣùgbọ́n ètò náà kò lè dá ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó lè jí. Mo bá di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, àti ètò àti orúkọ, bí ẹní pọ́n ẹ̀kọ sínú ewé. Mo gbé e lọ fún wọn nínú fíláàṣì, mo ní kí tíṣà mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré. Ó ṣí.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Eléyìí sàn jù yín lọ. Ẹ̀yin, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo máa ń nà yín kí ẹ tó dáhùn."

Ìyàwó rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó kú lẹ́yìn ìgbà náà.

Ní ọjọ́ ìsìn ìrántí, orúkọ ìyá, ìyàwó Bàbá, ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Mo rí Bàbá tó ti di àga iwájú mú, tó ti gbé ìdí sókè díẹ̀. Akọ̀wé ìjọ ka orúkọ ẹni tó kú ṣáájú ìyá, ó ká ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú ètò náà, ó ní kí a gbàdúrà. Bàbá rọra jókòó padà.

Mo tẹ̀ lé e délé. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Nígbà tó yá, ó sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun kọ orúkọ náà sínú ètò yẹn. Bí òun bá padà dé, kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

"Mo rò pé orí mi ló ti ń dàrú," ó ní. "N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

Ní Fìdítì ni mo ti rí àṣìṣe mi. Ìgbàkígbà tí a bá ṣí fáìlì náà, á tú ẹrù inú rẹ̀ síbi ìkọ̀kọ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà, á sì da ohun tó wà níbẹ̀ nù nígbà tí a bá pa á dé. Inú ẹrù yẹn ni mo fi orúkọ sí. Orí ewé ẹ̀kọ ni Bàbá ń kọ̀wé sí láti ọjọ́ yìí, mo sì ń ju ewé nù.

Mo yọ orúkọ kúrò nínú ẹrù, mo fi wọ́n sínú fáìlì tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò náà, mo sì padà sí Ìlọrà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi.

"Nítorí náà, kì í ṣe orí mi?"

"Kì í ṣe orí yín, Bàbá."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọpẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo kọ orúkọ ìyá níwájú rẹ̀, mo pa ètò náà dé, mo tún un ṣí. Orúkọ náà wà níbẹ̀.

"Tún pa á dé."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni a ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Bàbá di apá àga mú, ó dìde, ó sì kó ẹsẹ̀ jọ láàárín pálọ̀ rẹ̀.

"Kà á sókè."

Mo kà á.