Dúrọ́ọ̀mù Tí Bàbá Mi Fọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajégúnlẹ̀, omi ló ń dà wá láàmú ju oúnjẹ lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi eyín já ọ̀rá omi lónìí, ẹ lè má gbà mí gbọ́. Bí èèyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ wa dé orúnkún, omi á sun jáde, ṣùgbọ́n omi àbàtà ni, ó pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi poroporo sè é, kò ṣeé mu. Ẹ̀rọ omi kan ló wà ní àdúgbò, ìgbà tó bá wù ú ló sì ń yọ. Ẹni tí kò bá ní ohun ìpamọ́ ńlá nílé, ọwọ́ mẹ́ruwà ló ti máa ra omi nínú garawa.

Wáàfù Àpápá ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Àpò ẹrù ni wọ́n ń já nínú ọkọ̀ ojú omi, ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń fa àpò kì í sì í kúrò ní ìbàdí wọn. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n dáwọ́ lé nílé tí kì í bàjẹ́. Wọ́n ra òròmọdìẹ, wọ́n kan ilé fún wọn sẹ́yìnkùlé. Òjò kan ṣoṣo rọ̀, àgbàrá gbé ilé adìẹ lọ tòun tadìẹ. Wọ́n kan bẹ́ǹṣì, bàbá màmá mi wá kí wa láti Ìṣẹ́yìn, wọ́n jókòó lé e nínú agbádá funfun, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì yẹ̀, ó di inú ẹrọ̀fọ̀. Màmá mi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójú wa pé, “Bàbá yín, bí wọ́n bá ta iyọ̀, òjò á rọ̀, bí wọ́n bá ta èlùbọ́, atẹ́gùn á fẹ́.” Bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ó máa tó rẹ atẹ́gùn náà.

Ọjọ́ kan ni wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù irin kan wọlé láti Malu Road, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti já a sílẹ̀ fún wọn. Láyé ìgbà náà, bí dúrọ́ọ̀mù bá ti ṣófo ní wáàfù, àwọn òṣìṣẹ́ a máa tọrọ rẹ̀ lọ sílé fún omi. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí ilé kan ní Ajégúnlẹ̀ tí kò ní. Ẹnì kan ti sọ fún bàbá mi pé òróró ló wà nínú èyí tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ti họ, kò ṣeé kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé aláìbìkítà ni bàbá mi. Omi gbígbóná ni wọ́n kọ́kọ́ dà sí i. Wọ́n fi eérú àti yanrìn ha inú rẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ dúdú tún un fọ̀, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n sì dojú rẹ̀ dé sínú oòrùn títí ó fi gbẹ táútáú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti orí bọ inú rẹ̀, wọ́n fa èémí. Wọ́n pe èmi náà kí n wá gbóòórùn. Irin àti ọsàn nìkan ni mo gbọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ yọrí sí rere lọ́wọ́ bàbá mi nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ omi bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ará ilé ń yà sí. Obìnrin ẹ̀yà Ìjọ́ kan tí yàrá rẹ̀ kojú sí tiwa ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Pápá Dúrọ́ọ̀mù, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi á dáhùn, wọ́n á sì máa rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Àbúrò mi obìnrin, tí màmá mi bí nígbà tí wọn kò retí ọmọ mọ́, òun ló fẹ́ràn dúrọ́ọ̀mù náà jù. Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já geere lẹ́nu rẹ̀ ni. Ara irin náà máa ń tutù, nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń ṣeré láti òwúrọ̀. Bó bá ṣeré díẹ̀, á bu omi mu, á sì da díẹ̀ sẹ́nu ọmọláńgidi onígi rẹ̀, á ní kí ó má bì í.

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó bì, ó bì, títí kò fi sí ohun tó lè bì mọ́. A gbé e lọ sí ọsibítù ní òwúrọ̀. Dókítà béèrè ohun tó jẹ. Màmá mi ka gbogbo rẹ̀: ẹ̀kọ, ẹ̀wà, iṣu díẹ̀. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba omi. Ta ló ń ka omi mọ́ oúnjẹ? Kí oòrùn tó wọ̀, bàbá mi jáde sí wa pẹ̀lú aṣọ tí a fi pọ̀n ọ́n lọ. Wọ́n ti ká a dáadáa, bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, èrò kún iwájú ilé. Ẹ̀rọ kò yọ omi, inú dúrọ́ọ̀mù ni a ti ń bù fún àlejò, omi náà sì lọ sílẹ̀ débi tí kò lọ rí. Èmi ni mo gbé ife fún bàbá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń já ẹrù pẹ̀lú bàbá mi. Bàbá náà gbé ife dé ẹnu, wọ́n dúró. Wọ́n rọra gbé e kalẹ̀, wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ wo inú dúrọ́ọ̀mù.

“Kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?” ni wọ́n bi bàbá mi.

“Òróró ni wọ́n ní.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

Bàbá mi ò lè rántí. “Mo fọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n,” ni wọ́n ń wí. “Mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ bi ọmọ yìí, òun náà gbóòórùn rẹ̀.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọsàn ni mo gbọ́. Mo wá ti orí bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìsàlẹ̀, níbi tí oríkèé irin ti pàdé, òórùn bí oògùn ìdun ń jáde bọ̀.

Títí dòní, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé dúrọ́ọ̀mù náà ló pa á. Gbogbo wa la mu omi rẹ̀. Inú run èmi náà, obìnrin Ìjọ́ náà ṣàìsàn díẹ̀, ibà la pè é. Dókítà kò sọ ohun tó pa á fún wa. N kò sì fẹ́ parọ́ mọ́ irin.

Lẹ́yìn tí àlejò tú ká, bàbá mi gbé ìkọ́ irin wọn àti òòlù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu dúrọ́ọ̀mù náà ní ihò. Onílé wá bá wọn, ó ní kí wọ́n kúkú tà á.

“Ẹni tó bá rà á,” ni bàbá mi wí, “á fọ̀ ọ́.”

Wọ́n lù ú títí tí kò fi lè gba omi mọ́ láéláé.

Màmá mi kò bá wọn jà. Ìyẹn gan-an ló dun bàbá mi jù, mo mọ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ iyọ̀ àti òjò mọ́ nínú ilé wa. Ní ọjọ́ kan, obìnrin Ìjọ́ náà gbàgbé, ó ní, “Pápá Dúrọ́ọ̀mù, ẹ káàárọ̀.” Ó fi ọwọ́ bo ẹnu lójijì. Bàbá mi dá a lóhùn, wọ́n sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Láti ìgbà náà títí tí wọ́n fi kú, kò sí omi tó wọ ilé wa tí bàbá mi kò kọ́kọ́ mu. Wọ́n á mu ún, wọ́n á jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tó ní kí a wá bù.

Ayé ti yí padà. Omi inú ọ̀rá àti omi inú ike kún ibi gbogbo, àwọn ọmọ mi kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ pé ẹ̀rọ omi dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá ní Malu Road, mo máa ń rí dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà fún títà. Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń tà á léèrè ohun tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti fọ̀ ọ́.”

Nílé, bí àwọn ọmọ mi àti ọmọ wọn bá ra omi wọlé, èmi ni mo ń kọ́kọ́ mu. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òùngbẹ mi kì í tán. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó jókòó díẹ̀, n ó sì ní kí wọ́n wá mu.