Ta Ló Jẹ́ Kí Òpó Forí Sọ Ògiri?

Àǹtí Fídíò ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é, látorí kóòṣì dórí ẹni tó ń gbálẹ̀ pápá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó máa wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà ti gbá tán, kó sì wá ẹni tó jẹ́ kí àwọn alátakò ráyè wọlé. Wọ́n á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín láàárọ̀, wọ́n á sì máa sá fún un lọ́sàn-án. Ta ni yóò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹni tó ń fi àṣìṣe ẹni han ọ̀gá ẹni, tó tún ń dá a padà kí ọ̀gá lè rí i dáadáa?

Ó ní àṣà kan nídìí iṣẹ́ yìí. Kì í gbọ́ ohùn fídíò. Ó ní ariwo èrò ìwòran máa ń da òun lọ́kàn rú, pé ẹni tó bá ń gbọ́ èébú wọn kò ní pẹ́ bá wọn bú èèyàn. Nítorí náà, á pa ohùn náà pátápátá, á wá la ojú sílẹ̀. Ká má purọ́, ó máa ń fi àṣà yìí yangàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti ń fìdí rẹmi léraléra, àwọn aláṣẹ sì ti pàṣẹ pé kí kóòṣì lé ẹnì kan dànù kí ìdíje tó tún bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì náà kò fepo bọyọ̀. "Orúkọ kan ni mo fẹ́ lẹ́nu rẹ nípàdé ìrọ̀lẹ́," ó wí. "Má wá bá mi rojọ́."

Orúkọ ọ̀hún kò jìnnà. Òpó ni, ọmọkùnrin gíga gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń dúró nítòsí apẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn alátakò fi ń mú un. Ọ̀kan nínú wọn á yọ́ wá dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tí Òpó ń ṣọ́ bá ti sáré, tí Òpó yípadà láti tẹ̀ lé e, á forí sọ ẹni tó dúró sẹ́yìn yẹn. Kó tó gbéra, ẹni tí Òpó ń ṣọ́ á ti dé abẹ́ apẹ̀rẹ̀, á sì ju bọ́ọ̀lù sí i wẹ́rẹ́, bí ẹni ju ìbọ̀sẹ̀ sínú aṣọ ìdọ̀tí.

Àǹtí Fídíò wò ó, ó dá a padà, ó tún wò ó. Ó pòṣé. "Òpó wo lèyí? Ikán ti jẹ ẹ́."

Ibẹ̀ ló wà tí Òpó fi kan ilẹ̀kùn, tó tẹ orí ba wọlé. Inú ilé ẹgbẹ́ ló ń gbé. Bí wọ́n bá lé e lónìí, kò ní ibi tí yóò sùn lọ́la.

"Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní èmi lẹ fẹ́ dárúkọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo èèyàn ni, mà."

Obìnrin náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "Wo ara rẹ. Ṣé oorun lò ń sùn ni?"

Òpó wo fídíò náà títí dé ibi tó ti forí sọ ẹni ẹ̀yìn yẹn. Kò jiyàn. "Ẹ ti wò ó, mà," ó wí. "Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ?"

"Kí n gbọ́ kí ni?"

"Mi ò ní fẹnu ara mi sọ ọ́." Ó tún tẹrí ba, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. Ta ni Òpó láti kọ́ ọ níṣẹ́? Síbẹ̀, ó ṣí ohùn fídíò náà. Ariwo èrò ló kọ́kọ́ bo gbogbo yàrá. Nígbà tí etí rẹ̀ mọ́ ọn lára, ó wá ń gbọ́ ohùn àwọn agbábọ́ọ̀lù gan-an, torí ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni kámẹ́rà wà.

Kò sẹ́ni tó lójú lẹ́yìn orí. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ náà fi ní òfin kan: bí ẹni tí ò ń ṣọ́ bá fi ọ́ sílẹ̀, tó lọ dúró sẹ́yìn ẹnìkejì rẹ, ìwọ ni kó o pariwo "Ògiri!" kí ẹnìkejì rẹ lè yà fún un. Àǹtí Fídíò ń gbọ́ "Ògiri!" lọ́tùn-ún, ó ń gbọ́ ọ lósì. Ó dé ibi tí wọ́n ti mú Òpó, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó lọ sí ibòmíràn tí wọ́n ti mú un. Kẹ́kẹ́ pa. Ó wá wo ẹni tó yẹ kó pariwo.

Kíákíá ni, kápútéènì ẹgbẹ́. Àbúrò Àǹtí Fídíò ni, ọmọ ìyá rẹ̀, èyí tó pọ̀n sẹ́yìn fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì ṣì jọ ń gbélé ìyá wọn títí dòní. Kì í kúkú ṣe pé kò lóhùn. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ògiri wá bá, Kíákíá á ké bí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ ya.

Ó bá a ní yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, níbi tó ti ń so okùn bàtà.

"Kí ló dé tí o kì í pariwo fún Òpó?"

"Mi ò bá a sọ̀rọ̀."

"Lórí pápá náà ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yàn án lódì. Ṣé odì tún ń wo ti pápá ni?"

"Kí ló ṣe fún ọ?"

Kíákíá wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Ó sọ fún àfẹ́sọ́nà mi pé mò ń hanrun."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. "Ṣé o kì í hanrun ni? Mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá tèmi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi hàn wọ́n. Bí wọ́n bá lé mi, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn àna mi?"

"Òpó ńkọ́?"

"Òpó ga. Ó máa ríṣẹ́ níbòmíràn."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju ti odì lọ. Ó jáde láìdágbére.

Nípàdé, kóòṣì ń rìn sókè sódò, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì fẹ̀yìn ti ara ògiri. "Àǹtí Fídíò, ta ni?"

Òpó ń wo bàtà ara rẹ̀. Kíákíá ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe máa ń wò ó ní kékeré bó bá fọ́ nǹkan nínú ilé, tí ẹ̀gbọ́n á sì sọ pé òun lòun fọ́ ọ. Ẹ̀rù bà á. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, pé bó bá dárúkọ Òpó, kò sẹ́ni tí yóò bi í ní ìbéèrè kejì. Ó na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó gbé ohùn fídíò náà sókè.

"Ẹ má wò ó," ó wí. "Ẹ gbọ́ ọ."

Wọ́n gbọ́ "Ògiri!" fún èyí, wọ́n gbọ́ ọ fún tọ̀hún. Nígbà tó kan Òpó, gbàà tó forí sọ èèyàn nìkan ni wọ́n gbọ́. Ó tún fi òmíràn hàn wọ́n, bákan náà ló rí.

"Ta ló yẹ kó pariwo?" kóòṣì bi í.

"Kíákíá ni."

Òpó la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀, kóòṣì ní kó panu mọ́. Ó yíjú sí kápútéènì, ó ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí Kíákíá délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá wọn àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà nídìí oúnjẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ àga, ó jókòó.

"Kí ló wà láàrin ẹ̀yin méjèèjì?" ìyá wọn bèèrè.

"Mọ́mì, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ti jáde."

Ìyá wọn yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Ó ní òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n ẹnu tìrẹ kọ́ ló yẹ kó ti jáde."

Àǹtí Fídíò fẹ́ pe àbúrò rẹ̀ lórúkọ, ó fẹ́ ní kó kọjú sí òun. Ṣùgbọ́n inú ń bí òun náà, ó sì dùn ún wọra. Oúnjẹ ló tẹjú mọ́.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti gbọ́."

Ìyá wọn wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Ó ní òun ti gbọ́."