Eyín Mi Nínú Ìbọn Bàbá Mi

Láàárọ̀ Sátidé kan báyìí ní Bowie, nílùú òyìnbó níbí, mo ń da omi gbígbóná sórí ìbọn kan nínú gáréèjì wa. Gíríìsì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ lára láti ọjọ́ aláyé ti dáyé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Òórùn rẹ̀ gbéra ńlẹ̀, ó wọ̀ mí nímú, ó gbé èmi obìnrin tí ọjọ́ orí mi ti lé ní àádọ́ta, ó lọ jù mí sábẹ́ igi máńgòrò kan nínú bárékè ọlọ́pàá ní Ìbàdàn. Ọmọ ọdún méje ni mí níbẹ̀. Eyín iwájú mi kan sì ń mì.

Ẹ má sáré dá mi lẹ́jọ́, ẹ̀yin ọmọ. N kò jagun rí, n kò sì fẹ́ jà. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe ní Suitland, níbi tí ohun tó wúwo jù tí mo ń gbé lọ́wọ́ kò ju ife tíì lọ. Àwọn ìbọn àtijọ́ tí ọmọ ogun ti lò tì, tí ìjọba wọn wá kó tà, ni mo ń rà. Mẹ́ta péré ni mo ní. Ọkọ mi ní mẹ́ta ti pọ̀ jù. Mo bi í pé bàtà tirẹ̀ jẹ́ mélòó. Ọ̀rọ̀ tán.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìkẹta yìí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá a. Máàkì Fóò ni, irú èyí tí bàbá mi gbé kọ́ èjìká nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Bàbá arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù ìbọn tí mo máa ń lọ ti mọ̀ mí débi pé, lọ́jọ́ tó dé, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ìdí, ó ní kí n yọjú wo ihò rẹ̀ láti ẹnu. Ẹ̀yin èèyàn! Inú rẹ̀ ń kọ mànà bí ẹni pé ẹnìkan ò tíì yìn ín rí, àwọn ìlà tó lọ́ yípo nínú rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá. Nọ́ńbà tó wà lára ìbọn àti èyí tó wà lára irin tí a ń fà síwá-sẹ́yìn bára mu, bí ìbejì tí ìyá wọn ò tíì yà nípa. Igi gidi ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀, kì í ṣe rọ́bà dúdú ti òde òní. Ẹni tó gbẹ́ igi náà mọ iṣẹ́; ó mọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn yóò sùn lé. Inú mi dùn débi pé n kò rántí ná an, èmi ọmọ Ìbàdàn!

Ọkọ mi ló gbé omi gbígbóná náà wá fún mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo mọ́tò rẹ̀ tí mo ti lé síta nítorí ìbọn.

"Ìyá Àmínà, ogun wo la ń lọ?"

"Bàbá Àmínà, ẹ rọra, ẹ má dà á sí mi lẹ́sẹ̀."

"Ẹ̀ẹ́n. Mo ti di ọmọ ogun nìyẹn."

Ẹ jẹ́ ká padà sí bárékè. Kọ́púrà ni bàbá mi, ìlà méjì ló wà lápá aṣọ rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún kọ́púrà, àwa mẹ́fà la sì ń sùn nínú rẹ̀ bíi sàdíìnì inú agolo. Sájẹ́ǹtì ló ń gba yàrá méjì. Nítorí náà, ìlà kẹta yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ aṣọ lásán nílé wa. Ìyá mi tilẹ̀ ti rán kọ́tìnnì yàrá kejì tí a kò tíì ní.

Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé ọ̀gá ọlọ́pàá àgbà kan ń bọ̀ wá yẹ ìbọn wò. Kọ́púrà tí ìbọn rẹ̀ bá mọ́ jù ni yóò di sájẹ́ǹtì. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, gbogbo wọn kó ìbọn jáde sábẹ́ máńgòrò láti nù ún, àwa ọmọ sì jókòó ti bàbá wa. Kò sí ọta nínú ìkankan, ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá mi fi òróró pa igi ìbọn tirẹ̀ títí mo fi ń rí ojú mi nínú rẹ̀. Ó fi ilẹ̀kùn idẹ kékeré kan hàn mí nísàlẹ̀ ìdí ìbọn. Inú ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń kó ìgò òróró àti okùn tí wọ́n fi ń fọ ìbọn sí. Ẹnìkan bá pè é. Ó dìde.

"Jókòó tì í. Má jẹ́ kí ewúrẹ́ fara kàn án."

Ìgbà tí eyín mi yàn láti yọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà síhìn-ín lè má mọ̀. Nígbà tiwa, bí eyín ọmọdé bá yọ, orí òrùlé la ń jù ú sí, alángbá kò sì gbọdọ̀ rí i. Bí alángbá bá fojú kàn án, òmíràn ò ní hù mọ́ láéláé. Ní bárékè wa rèé, alángbá pọ̀ ju ọlọ́pàá lọ. Wọ́n wà lórí òrùlé, wọ́n wà lára ògiri, wọ́n ń mi orí sí mi bí ẹni pé wọ́n ti gbọ́. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Mo wọ̀tún, mo wòsì. Ibo ni alángbá ò lè dé? Mo ṣí ilẹ̀kùn idẹ, mo ju eyín sínú ihò, mo pa á dé. Mo ní tó bá dìrọ̀lẹ́, màá yọ ọ́. Mo gbàgbé pé ìbọn kì í sùn nílé wa. Nígbà tí bàbá mi dé, tààrà ló gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìbọn sí, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, a tò sẹ́yìn wáyà, à ń wòran. Ọ̀gá gba ìbọn bàbá mi, ó wo igi rẹ̀, ó mi orí bí ẹni tó ń gbádùn ọbẹ̀. Ìyá mi fún mi lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ṣí ilẹ̀kùn idẹ, ó dorí ìbọn kodò. Eyín já bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Kọ́púrà, kí lèyí?"

"Eyín ni, sà."

"Mo rí i pé eyín ni. Eyín ta ni?"

Bàbá mi wo ọ̀kánkán wa. Mo pa ẹnu dé pinpin. Ó rí i bí mo ṣe pa á dé.

"Ti ọmọ mi obìnrin ni, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Gbogbo àwọn tó tò bá a rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú, ó dá ìbọn padà fún bàbá mi, ó sún mọ́ ẹni tó kàn. Ẹlòmíràn ló di sájẹ́ǹtì. Ọdún méjì gbáko ni kọ́tìnnì ìyá mi tún fi wà nínú àpótí kí ìlà kẹta tó dé.

Bàbá mi kò nà mí. Kò tilẹ̀ dárúkọ eyín yẹn. Èmi ni mo ń na ara mi. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ tí n kò ní nù tinú tòde, torí mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ yàrá kejì ilé wa mọ́ wọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé Sátidé tí mò ń wí, mo gbé Máàkì Fóò lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò. Mo de ohun ìdábòbò etí lé ìborí mi. Ìbọn náà wúwo! Nínú òjò ni bàbá mi sì ń gbé e dúró. Mo yìn ín. Ó fi ìdí gbá mi léjìká bí àgbò Iléyá tó já okùn. Ọta márùn-ún ni mo yìn. Mẹ́rin wọ àmì dúdú tó wà láàárín bébà, ìkarùn-ún wọ òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Irin tó dàgbà jù mí lọ, tó ṣì mọ ibi tó ń lọ!

Mo délé, mo fọ̀ ọ́, mo pe bàbá mi lórí fídíò. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Bó ṣe rí ìbọn, ó na ẹ̀yìn ró. Kò tiẹ̀ dáhùn ìkíni mi.

"Sún un mọ́ fóònù. Yí i. Inú rẹ̀ ńkọ́? Tan iná sí i."

Mo tan iná. Ó wò ó pẹ́.

"Ó mọ́ ju tèmi lọ lọ́jọ́ tí wọ́n rí eyín rẹ."

Mo kúnlẹ̀ níwájú fóònù. "Bàbá mi, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo gba ìlà kẹta yín."

"Ìlà wo? Ìwọ ọmọ yìí! Ayò ni wọ́n pè mí sí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo bá ta á títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ mi lọ́wọ́. N kò fọ inú ìbọn yẹn rárá. Ìdọ̀tí inú rẹ̀, èèyàn lè gbin ẹ̀fọ́ sí i. Ká ní ọ̀gá yọjú wo ihò rẹ̀ láti ẹnu ni, ìlà méjì tí mo ní gan-an ni ì bá já. Ẹ̀rín eyín rẹ ni kò jẹ́ kó rántí."

"Ẹ sì ń wò mí láti ìgbà yẹn, ẹ ò sọ?"

"Bí mo bá sọ, ṣé wàá máa nu nǹkan bó o ṣe ń nù ún yìí?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ o."

Wọ́n ti gé máńgòrò yẹn, a ò mọ ẹni tó ń gbé yàrá wa, ìbọn mìíràn sì ni ọlọ́pàá ń gbé kiri báyìí. Ohun tí wọ́n ṣe dáadáa ní tirẹ̀ ń dúró de ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Bowie. Lẹ́yìn tí bàbá mi pa fóònù, mo rò pé màá sinmi, torí gbèsè tí mo ti ń rù láti kékeré ti bọ́ lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n mo tún mú aṣọ funfun kan, mo ki í bọ inú ihò ìbọn, mo fà á jáde. Kò ní àbàwọ́n kankan. Mo tún ki òmíràn bọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀gá kankan tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kàn wù mí bẹ́ẹ̀ ni.