Akọ̀wé Kíláàsì Mi

Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe iṣẹ́ ìkọ́ni ló rẹ̀ mí, ẹ̀bẹ̀ ni. Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ tuntun bá ti wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ wa l'Ẹ́dẹ, èmi ni mo máa ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń bẹ àwọn ọmọbìnrin pé kí wọ́n wá kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ wọn á kàn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ àdúgbò Alájùé, mọ ìṣirò débi pé mo tẹ̀ lé e délé. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Wọ́n gbọ́ tèmi tán, wọ́n ní, "Tíṣà, iṣẹ́ ọkùnrin lèmi pe èyí o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ obìnrin náà ń ṣe é. Ẹ máa mú un lọ." Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Ọmọ márùn-ún ló ń pín kọ̀ǹpútà kan lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọkùnrin a máa sáré gba ìjókòó iwájú, ọmọ yìí kì í sì í jà. Nítorí pé ìwé kíkọ rẹ̀ dùn ún wò, èmi fúnra mi ni mo ní kó máa kọ ohun tí àwọn yòókù bá ṣe sílẹ̀. Màá gbé ìwé rẹ̀ sókè, màá ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ gidi!" Ọdún méjì ni mo fi ya òmùgọ̀ báyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú fọ́ọ̀mù wá bá mi. Ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kó lọ kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé.

"Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, mà. Akọ̀wé náà ni mo kúkú ń ṣe níbí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo gbé kọ̀ǹpútà tèmi síwájú rẹ̀, mo fún un ní iṣẹ́ tó ti ń da àwọn ọkùnrin yẹn láàmú láti ọjọ́ Ajé. Tíì tí mò ń mu ò tíì tutù tó fi ṣe é tán, ohun tó kọ sínú kọ̀ǹpútà náà sì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Fóònù mi ni mo fi ń kọ́ ọ nílé. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti mọ̀ ọ́n, mà. Ẹ ò bi mí rí ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré, kí n tún ìjókòó kíláàsì tò. Ó ní ọ̀la ni wọ́n máa ṣíwọ́ gbígba fọ́ọ̀mù. Mo buwọ́ lù ú. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mo wá ẹni tí mo máa bínú sí, mi ò rí ẹnì kankan àfi ara mi.